Ejò ọmọ mi jáde nínú àpótí rẹ̀, a ò rí i

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí tá a jọ wà lókè òkun. Ìyá ọmọ méjì ni mí. Ball python (irú erè kékeré kan) ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 11, jáde lálẹ́ àná torí pé kò ti ilẹ̀kùn dígí àpótí rẹ̀ dáadáa. Ejò náà gùn tó 80 sẹ̀ǹtímítà. A ti wá a títí. Àbúrò rẹ̀ ọmọ ọdún 3 sì wà nílé. Kí ni kí n ṣe? Ṣé mo ṣàṣìṣe tí mo fi ejò sí i lọ́wọ́?

Ìdáhùn: Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ìyá wa. Irú erè kékeré yìí ò lóró, ẹ má tíì kó jáde nílé. Ibi tó há, tó ṣókùnkùn, tó sì móoru ló ń wá.

Ẹ ti ilẹ̀kùn yàrá náà, kí ẹ fi aṣọ ìnura dí abẹ́ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan ẹ̀rọ ìfọṣọ láìwo inú rẹ̀, ẹ má sì jókòó sórí àga tó ń ká tó ń nà, ó lè tẹ ejò pa.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ àpótí rẹ̀. Ẹ fa dúrọ́ọ̀ yọ pátápátá, torí ẹ̀yìn rẹ̀ ló sábà máa ń sá sí. Ẹ dojú àga dé: bí aṣọ fẹ́lẹ́ tó bo ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá ya, ẹ rọra fọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ẹ ó mọ̀ bí nǹkan wúwo bá rọ̀ síbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn ìwé, inú bàtà, ẹ̀yìn fíríìjì níbi tí mọ́tò rẹ̀ ti ń gbóná.

Òru ló ń rìn. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pa iná, kí ẹ wọ́n ìyẹ̀fun, fífẹ̀ rẹ̀ bíi sẹ̀ǹtímítà 5, sẹ́nu ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Ìlà tó bá fà síbẹ̀ á sọ yàrá tó wọ̀ fún yín. Ẹ má dẹ gọ́ọ̀mù ìpaku, awọ rẹ̀ á ya. Bẹ́ ẹ bá ń gbé ilé alájà, ẹ sọ fún aládùúgbò. Ẹni tí ò mọ̀ á fi igi pa á.

Ẹ má jáwọ́ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ejò tára rẹ̀ le lè lo ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìjẹun. Òtútù ló léwu jù, torí àìsàn ẹ̀dọ̀fóró ló ń fà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ jẹ́ kó móoru díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì dúró fún ọjọ́ 5 sí 7 kí ẹ tó fún un lóúnjẹ. Bó bá ń la ẹnu mí, tí itọ́ ń ru lẹ́nu rẹ̀, dókítà ẹranko tó mọ̀ nípa ejò ló kàn.

Ti ọmọ ọdún 3 yẹn, kì í ṣe ìbunijẹ ló yẹ kó bà yín lẹ́rù, Salmonella ni, ìyẹn kòkòrò àrùn tó máa ń wà lára ejò, tó sì ń fa ìgbẹ́ gbuuru. Ọmọ tí ò tíì pé ọdún 5 ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ejò tàbí àpótí rẹ̀. Ẹ má fọ abọ́ ejò nínú síǹkì ilé ìdáná. Ọwọ́ ńkọ́? Ọṣẹ àti omi, ìṣẹ́jú àáyá 20.

Lójú tèmi, tẹ̀yin ni ejò yẹn. Ó lè lo ọdún 20 sí 30, ọmọ yín á ti kúrò nílé. Ọmọ lè máa pààrọ̀ omi, kó máa kọ ọjọ́ oúnjẹ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn dígí, thermostat (ẹ̀rọ tó ń ṣàkóso ooru àpótí), àti eku tí ejò ń jẹ gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ àgbà. Àlàfo tí orí ejò bá ti gbà, ara á tẹ̀lé e. Eku dídì tó ti yọ́, tí kò nípọn ju ibi tó tóbi jù lára ejò lọ, ni kí ẹ máa fún un. Eku ààyè lè bù ú jẹ lára.

Lóru òní, ẹ gbé àpótí rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ ṣí i sílẹ̀, kí ẹní oníná abẹ́ rẹ̀ wà ní 32°C. Àwọn kan máa ń padà wọlé fúnra wọn.