Ara yá, nọ́ńbà náà sì ti wálẹ̀: ṣé kí n dá òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró?

Ẹ kú àárẹ̀ ìrònú ara yín. Bí ẹ ṣe sọ ọ́, dókítà bá ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ 158/96 lára yín, ó fún yín ní òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí ń jẹ́ amlodipine. Ní báyìí, ẹ̀rọ tilé ń gbé nǹkan bí 128/80 jáde, kò sí ibi tó ń dùn yín, ẹ sì fẹ́ dá òògùn dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró. Ó ti pẹ́ tí èmi náà ti ń gbé pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru. Òògùn yẹn ló ṣeé ṣe kó mú nọ́ńbà náà wálẹ̀. Ó ń dì í mú ni, kò wò ó tán. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀, ìfúnpá á tún gòkè láìsọ fún yín. Ó tilẹ̀ burú jù fún àwọn tó ń lo clonidine tàbí propranolol, nítorí dídá wọn dúró lójijì lè gbé ìfúnpá tàbí ìlùkìkì ọkàn sókè fìrì.

Ti pé ara yá yẹn, ẹ má gbọ́kàn lé e. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí ìdajì àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò mọ̀ pé àwọn ní in. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi kà á mọ́ ohun tí ètò ìlera wọn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ mójú tó: ojú ọ̀nà rẹ̀ ni rọpárọsẹ̀, àrùn ọkàn àti àìsàn kíndìnrín máa ń gbà wọlé.

Kí ẹ tó gba 128 yẹn gbọ́ pàápàá, ẹ wo aṣọ tí ẹ ń wé mọ́ apá. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣì í. Ẹ fi téèpù télọ̀ wọn yíká apá òkè, ní àárín èjìká sí ìgúnpá. Bó bá ju sẹ̀ǹtímítà 32 lọ, aṣọ tó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá lè kéré jù, á sì gbé nọ́ńbà ga ju bó ti rí lọ. Èyí tó tóbi jù á fà á wálẹ̀, ọkàn yín á sì balẹ̀ lórí irọ́. Wọ́n máa ń kọ ìwọ̀n sára aṣọ náà, ẹ kà á.

Ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó ṣáájú, ẹ má mu kọfí, ẹ má fa sìgá, ẹ má ṣe eré ìdárayá. Ẹ lọ tọ̀, torí ìtọ̀ tó ń gbọ̀n yín ń ti ìfúnpá sókè. Ẹ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ fẹ̀yìn ti àga, kí ẹsẹ̀ méjèèjì wà nílẹ̀, kí ọ̀kan má gun èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí aṣọ náà wà ní ọ̀gangan ọkàn. Apá tó bá rọ̀ sílẹ̀ ń fi kún nọ́ńbà. Ẹ wé e mọ́ awọ ara gan-an, kì í ṣe lé apá ẹ̀wù, ní fífẹ̀ ìka méjì sókè ibi tí ìgúnpá ti ń ká. Ẹ má sọ̀rọ̀ rárá, ì báà jẹ́ ìkíni.

Ẹ wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, kí ìṣẹ́jú kan wà láàárín, ní àárọ̀ kí ẹ tó lo òògùn, àti ní alẹ́, fún ọjọ́ 7. Gbogbo rẹ̀ ni kí ẹ kọ sílẹ̀, ẹ má ṣa èyí tó dùn ún wò. Ẹ yọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́ kúrò, ẹ ro ìyókù pọ̀, kí ẹ fi iye ìgbà tí ẹ wọ̀n ọ́n pín in. Nílé, bó bá ti tó 135/85, ó ti ga. 140/90 ni ti ọ́fíìsì dókítà. Àwọn kan wà tí ìfúnpá wọn ń ga kìkì bí wọ́n bá dé ọsibítù, ìwé ọjọ́ 7 yẹn ló sì máa fi hàn bóyá ẹ wà lára wọn. Dókítà ló máa wá pinnu bóyá kí òògùn dínkù.

Ní ti iyọ̀, kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tí kò ga, pẹ̀lú èyí tó ti wà nínú búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo. Bí ara páálí bá kọ sodium, ẹ fi 2.5 sọ ọ́ di púpọ̀ kí ẹ lè mọ iye iyọ̀: mílígíráàmù 800 sodium jẹ́ gíráàmù 2 iyọ̀. Iyọ̀ àfirọ́pò tó ní potassium lè ṣèpalára fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dáa tàbí tó ń lo lisinopril, losartan tàbí spironolactone. Ibuprofen àti diclofenac tí à ń lò fún ara ríro náà ń gbé ìfúnpá sókè. Ẹ sọ fún apòògùn pé ẹ ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ó tó tà wọ́n fún yín. Sìgá àti ìtọ̀ ṣúgà ń sọ ewu náà di ìlọ́po, nítorí náà ẹ jẹ́ kí wọ́n máa yẹ ṣúgà, creatinine (ohun inú ẹ̀jẹ̀ tó ń fi bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn) àti protein inú ìtọ̀ yín wò.

Bó bá tó 180/120, ẹ sinmi fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n bí àyà bá ń dùn yín, tí èémí kò dé, tí ẹnu wọ́ sápá kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú tipiri, tí ọ̀rọ̀ kò já gaara tàbí tí ojú ṣú, ẹ má dúró tún un wọ̀n. Ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì fúnra yín wa ọkọ̀.