Èsì: Bí Ọlọ́run kò bá ṣaláìní, kí nìdí tá a fi ń sìn ín?

Ìbéèrè yín dáa: bí Ọlọ́run kò bá nílò nǹkan kan, kí ni ìjọsìn wà fún? Kò nílò ẹ̀ lóòótọ́. Ìṣe 17:25 sọ bẹ́ẹ̀, Kùránì 51:57 náà ní kò béèrè oúnjẹ lọ́wọ́ wa. Àwa la nílò ìjọsìn. Ọpẹ́ tọ́ sí ẹni tó dá wa, ìjọsìn sì ń gba ìgbéraga lọ́wọ́ ẹni. Mùsùlùmí tó kí ìrun ọ̀ranyàn márààrún á forí kanlẹ̀ nígbà 34 lójúmọ́. Agbára káká ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ á fi máa rò pé òun tó tán.

Sísọ ìjọsìn di òwò ló ń bà á jẹ́: “Mo gbààwẹ̀, fún mi níṣẹ́.” Bíṣẹ́ ò bá yọjú, àdúrà parí nìyẹn. Ẹ dárúkọ oore kan pàtó, kẹ́ ẹ dúpẹ́ lórí ẹ̀, kẹ́ ẹ tó béèrè ohunkóhun.