Àwọn méjì tó kúrò ń fi orúkọ ẹgbẹ́ wa gba iṣẹ́: ta ló ni orúkọ náà?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, lọ́yà. Olórí ẹgbẹ́ olórin kan ni mí ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù. Àwa márùn-ún la dá a sílẹ̀ ní 2014. Orin rọ́ọ̀kì la fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n òde ìnáwó àwọn èèyàn wa la ti ń rówó báyìí. A ò kọ ìwé àdéhùn kankan, ọ̀rẹ́ ni gbogbo wa. Lọ́dún tó kọjá, onílù wa àti ẹni tó ń tẹ dùùrù bínú kúrò. Wọ́n kó àwọn mìíràn jọ, orúkọ wa ni wọ́n sì fi ń gba iṣẹ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ pé wọ́n ti gbé orúkọ náà lọ sọ́dọ̀ ìjọba kí wọ́n lè forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ bí àmì ìdánimọ̀ òwò (trade mark) tiwọn. Èmi ni mo ronú kan orúkọ yẹn o! Ẹnì kan ní kí n lọ ka ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Saxon, pé ilé ẹjọ́ ti dá irú rẹ̀ rí. Ṣé òótọ́ ni? Kí la fẹ́ ṣe báyìí?

Ìdáhùn: Òótọ́ ni. Ẹni tó darí yín sí Saxon kò ṣì yín lọ́nà rárá. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tó lè má dùn mọ́ yín: pé ẹ̀yin lẹ ronú kan orúkọ náà kò sọ ọ́ di tiyín. Òfin Ìlú Ọba kì í bi wá léèrè ọkàn ẹni tí orúkọ kọ́kọ́ sọ sí. Òwò tí wọ́n fi orúkọ náà ṣe ló ń wò, àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣòwò ọ̀hún. Àwọn méjì tó kúrò náà kò sì ni ín.

Barnsley ni àwọn Saxon ti wá, ìlú awakùsà èédú ní Yorkshire. Nígbà tí àwọn ọdún 1970 fi ń parí lọ, wọ́n jẹ́ márùn-ún bíi tiyín: Biff Byford ń kọrin, Graham Oliver àti Paul Quinn ń ta gìtá, Steve Dawson di gìtá béèsì mú, Pete Gill ń lù. Orúkọ tí wọ́n kọ́kọ́ ń jẹ́, èébú pọ́ńbélé ni, irú èyí tí olóòtú rédíò kò jẹ́ pè lórí afẹ́fẹ́. Kí àwo àkọ́kọ́ wọn tó jáde ní 1979 ni wọ́n pa á tì, wọ́n di Saxon. Ilé iṣẹ́ kan tó jẹ́ ti àwọn ará Faransé, Carrere, ló gbé àwo náà jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ tà.

Ọdún 1980 ni nǹkan yí padà. *Wheels of Steel* gòkè dé ipò karùn-ún lórí àtẹ àwo tó ń tà jù ní Ìlú Ọba. Kí ọdún tó parí wọ́n tún ti gbé *Strong Arm of the Law* jáde, wọ́n sì wà lára àwọn tó ṣeré níbi àjọ̀dún orin Monsters of Rock àkọ́kọ́ ní Donington lóṣù kẹjọ. *Denim and Leather* tẹ̀ lé e ní 1981. Láàárín ọdún méjì yẹn ni orúkọ Saxon di ohun tó ń fa èrò wá, tí wọ́n ń dárúkọ wọn mọ́ àwọn ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì bí Iron Maiden àti Def Leppard. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, torí gbogbo ìjà tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà, òkìkí ọdún méjì yẹn ni wọ́n ń jà sí.

Gill ló kọ́kọ́ lọ, Nigel Glockler sì gba igi ìlù. Ní nǹkan bí 1986, Dawson náà kúrò. Àwo kò tà bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́ nílé, àwọn ará Jámánì ni kò jẹ́ kí iná wọn kú. Nígbà tó fi di àárín àwọn ọdún 1990, Oliver ti lọ. Nínú àwọn márùn-ún ti 1979, Byford àti Quinn nìkan ló ṣẹ́kù, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà kò sinmi rárá: wọ́n ń ṣe àwo, wọ́n ń rìnrìn àjò, orúkọ kan náà sì ni.

Nígbà tí ọ̀rúndún tó kọjá ń parí lọ, Oliver àti Dawson tún ara wọn rí. Wọ́n lọ forúkọ Saxon sílẹ̀ bí àmì ìdánimọ̀ tiwọn. Bí ìwé yẹn bá dúró, wọ́n lè fi dí Byford fúnra rẹ̀ lọ́wọ́, ẹni tí kò fi ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ fún ọjọ́ kan. Byford ní kí wọ́n fagi lé e. Ọ̀gá tó gbọ́ ẹjọ́ ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀ dá àwọn méjèèjì láre, torí lójú tirẹ̀, ẹnì kọ̀ọ̀kan tó ti wà nínú ẹgbẹ́ ló ní ìpín tirẹ̀ nínú orúkọ. Ẹ wo ibi tí èrò yẹn lè gbé wa dé: Saxon ti onílù, Saxon ti onígìtá, Saxon ti olórin, gbogbo wọn lọ́jọ́ kan náà ní ìlú kan náà!

Byford gbé e lọ sí Ilé Ẹjọ́ Gíga. Ní 2003, Adájọ́ Laddie dojú ìdájọ́ yẹn dé. Ohun tó sọ rèé, ní èdè tí kì í ṣe ti lọ́yà. Àwọn tó jọ ń ṣeré láti jèrè ti wà nínú àjọṣòwò, ì báà má sí ìwé, ì báà jẹ́ pé ọ̀rẹ́ ni wọ́n. Òfin Àjọṣòwò ti 1890 ló de irú wọn. Orúkọ ẹgbẹ́ àti òkìkí tó ń mú oníbàárà wá, ti àjọ náà lápapọ̀ ni. Nínú ilé ẹbí, ọmọ bàbá kọ̀ọ̀kan lè nàka sí yàrá tirẹ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ kò ní yàrá. Bí ẹnì kan bá kúrò, tí kò sì sí àdéhùn, àjọ yẹn tú ká nìyẹn. Ohun tí ẹni tó lọ lè béèrè ni pé kí wọ́n ṣírò dúkìá àjọ, kí wọ́n tà á, kí wọ́n fún òun lówó tó kàn án. Kò lè gbé orúkọ sábíyá lọ. Oliver àti Dawson kò béèrè ìṣírò kankan nígbà tí wọ́n ń lọ. Wọ́n fi orúkọ sílẹ̀, àwọn tó kù ń lò ó lọ, wọ́n sì fi iṣẹ́ ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ òkìkí tuntun lé e lórí. Bí ìforúkọsílẹ̀ àwọn méjèèjì ṣe wó nìyẹn.

Oliver/Dawson Saxon ni wọ́n wá ń fi ẹgbẹ́ tiwọn ṣeré. Orúkọ náà gùn, ṣùgbọ́n kò tan ẹnikẹ́ni jẹ, òun sì ni mo máa ń tọ́ka sí bí àwọn oníbàárà mi bá ń wá ọ̀nà àbáyọ. Ní ti Saxon, wọ́n ṣì ń bẹ lójú pópó. Quinn dáwọ́ ìrìn àjò dúró ní 2023, Brian Tatler ti ẹgbẹ́ Diamond Head sì bọ́ sí ààyè rẹ̀ lórí ìtàgé. Àwo mìíràn tún jáde ní 2024.

Ẹ má tíì máa jó o, torí ọ̀rọ̀ yín àti ti Saxon kò rí bákan náà délẹ̀. Ti Saxon, ọdún gorí ọdún kí àwọn tó lọ tó padà wá bèèrè orúkọ. Tiyín, ọdún kan kò tíì pé dáadáa. Onílù yín lè sọ pé òun kò yọ̀ǹda ohunkóhun, pé ẹ̀yin lẹ kò jẹ́ kí àwọn jókòó ṣírò, kó sì rí ẹni gbà á gbọ́. Agbára tiyín ni pé ẹ̀yin mẹ́ta kò dáwọ́ dúró. Bí gbogbo yín bá ti tú ká ni, ọ̀tọ̀ ni ìbá jẹ́. Ẹ wo The Animals, àwọn ará Newcastle: wọ́n tú ká láàárín àwọn ọdún 1960, wọ́n tún kóra jọ fún ìgbà díẹ̀ ní 1983. Onílù wọn, John Steel, fẹ́ forúkọ náà sílẹ̀ fún ara rẹ̀ nìkan. Eric Burdon tó jẹ́ olórin wọn takò ó, ó sì borí ní 2013, torí òkìkí tó kù nínú orúkọ náà jẹ́ ti gbogbo wọn papọ̀, ẹnì kan kò lè dá a gbé.

Ohun tó yẹ kó jẹ yín lógún lọ́sẹ̀ yìí ni ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí Ọ́fíìsì Ohun Ìní Ọgbọ́n Orí (Intellectual Property Office), èyí tó wà ní Newport ní Wales. Ẹ wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ tẹ orúkọ ẹgbẹ́ yín sínú ìwé àkọsílẹ̀ wọn. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ wo ọjọ́ tí wọ́n tẹ ìbéèrè náà jáde fún aráyé. Oṣù 2 péré lẹ ní láti ọjọ́ yẹn láti takò ó. Bí ẹ bá tètè fi ìwé ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì kí oṣù 2 náà tó pé, wọ́n á fi oṣù 1 kún un. Kí ẹ tó takò ó, ẹ kọ lẹ́tà sí àwọn méjèèjì, kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Bí ẹ bá jà láìkìlọ̀ tí ẹ sì borí, wọ́n lè má dá owó ẹjọ́ padà fún yín. Bí ìforúkọsílẹ̀ bá sì ti kọjá, kò tíì bàjẹ́, ẹ ṣì lè ní kí wọ́n fagi lé e bí Byford ti ṣe. Ohun tí ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe ni pé kí ẹ mọ̀, kí ẹ máa wò wọ́n níran. Bí ẹ bá dákẹ́ fún ọdún 5 gbáko tí wọ́n ń lò ó, òfin lè gba ẹnu yín, àfi bí ẹ bá fi hàn pé èrò àbòsí ni wọ́n fi forúkọ sílẹ̀.

Ẹ̀rí ni ẹ máa fi jà. Ẹ kó àwọn ìwé ìpolówó òde tó ní orúkọ àti ọjọ́ lára jọ, owó ìṣáájú tó wọ báńkì, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí oníyàwó kan fi bẹ̀ yín níṣẹ́, fídíò tí wọ́n ti ń ki yín tí wọ́n sì ń ná yín lówó. Èyí tó bọ́ sáàárín ọjọ́ tí àwọn méjì lọ àti òní ló wúlò jù, torí òun ló fi hàn pé ẹ kò dúró. Ìwé ilé iṣẹ́ tí ẹ bá lọ gbà ní Companies House kò sí lára ẹ̀rí yìí o. Ọ̀pọ̀ èèyàn wa rò pé ó ti parí níbẹ̀, kò rí bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá gbà kí ẹ jókòó, ẹ jókòó. Ẹjọ́ orúkọ máa ń gbówó mì. Roger Waters kúrò nínú ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Pink Floyd ní 1985, ó sì wọ ilé ẹjọ́ ní 1986 kí David Gilmour àti Nick Mason má baà lo orúkọ náà mọ́. Ó dá a lójú pé láìsí òun, kò sí ẹgbẹ́. Wọn kò dé ìdájọ́. Lọ́jọ́ 23 oṣù kejìlá 1987, wọ́n parí rẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí Gilmour fi ṣe ilé ìgbohùnsílẹ̀ lórí odò Thames: orúkọ di ti Gilmour àti Mason, àwo wọn *The Wall* di ti Waters. Wọ́n tilẹ̀ ti bá ara wọn fa wàhálà lórí ẹlẹ́dẹ̀ rọ́bà ńlá tí wọ́n ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí níbi eré. Gilmour àti àwọn tirẹ̀ lẹ kórópọ̀n mọ́ tiwọn kó má baà jọ ti Waters. Ẹ máa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ní 2024 Sony ra ẹ̀tọ́ àwọn àwo wọn mọ́ ẹ̀tọ́ orúkọ náà ní owó tí ìròyìn fi sí nǹkan bíi 400 mílíọ̀nù dọ́là. Ẹni tó ni orúkọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga lásán.

Orin yàtọ̀ sí orúkọ pátápátá, bí ẹ bá tiẹ̀ gba orúkọ tán. Ẹni tó ń tẹ dùùrù fún yín, ṣé òun ló mú ohùn ìbẹ̀rẹ̀ kan wá nínú orin yín? Matthew Fisher ló ta dùùrù inú orin *A Whiter Shade of Pale* ti ẹgbẹ́ Procol Harum ní 1967. Ó fi ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní 1969, kò sì pe ẹjọ́ títí di 2005. Ní 2009, Ilé Àwọn Olóyè (House of Lords), tó jẹ́ ilé ẹjọ́ tó ga jù nígbà yẹn, fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìpín 40 nínú 100 ẹ̀tọ́ ohùn orin náà jẹ́ tirẹ̀, kó sì máa gba owó rẹ̀ láti ìgbà tó ti pẹjọ́. Nítorí náà, nígbà tí ẹ bá jókòó, ẹ to orin kọ̀ọ̀kan lẹ́sẹẹsẹ, kí ẹ kọ ẹni tó kọ ọ́ àti iye ìpín rẹ̀, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sí PRS, àjọ tó ń gba owó ẹ̀tọ́ orin fún àwọn tó kọ ọ́.

Ẹ̀yin mẹ́ta tó kù ńkọ́? Ẹ kọ ìwé tiyín báyìí, kó má baà tún ṣẹlẹ̀. Adájọ́ Laddie fúnra rẹ̀ ló gba àwọn ẹgbẹ́ olórin nímọ̀ràn pé kí wọ́n kọ ọ́ pé àjọ kò ní tú ká bí ẹnì kan bá lọ. Kí ìwé yín sọ pé orúkọ dúró lọ́dọ̀ àwọn tó kù, iye tí ẹ máa san fún ẹni tó ń lọ àti ìgbà tí ẹ máa san án, pé ó lè sọ pé òun ti bá yín ṣeré rí ṣùgbọ́n kò lè polówó ara rẹ̀ bíi pé òun ni yín, àti ohun tí ó máa ṣẹlẹ̀ bí ọlọ́jọ́ bá dé. Ẹ kọ ẹni tí ọ̀rọ̀ aṣínà Facebook, Instagram àti YouTube wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí mánéjà forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ ní orúkọ tirẹ̀ láé, ì báà jẹ́ ẹ̀gbọ́n yín. Ní 1974, mánéjà ẹgbẹ́ Fleetwood Mac, Clifford Davis, ní òun lòun ni orúkọ wọn, ó sì kó àwọn olórin mìíràn lọ sí Amẹ́ríkà pé àwọn ni Fleetwood Mac. Àwọn tó ni ẹgbẹ́ gan-an ní láti wọ ilé ẹjọ́ kí wọ́n tó lè lo orúkọ ara wọn ní ìrọ̀rùn.