Ẹ Bi Mí: Ṣé kí a dá sí i, àbí kí a kọjá lọ?

Ọdún gbọọrọ ni mo fi gba ìpè pàjáwìrì kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè yín lójú ewé yìí. Nínú gbogbo lẹ́tà tó ń wọlé, èyí tó pọ̀ jù ni ti àwọn tí ọ̀ràn ṣẹ̀ níṣojú wọn, tí wọn ò sì mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe. Mẹ́rin ni mo mú lóṣù yìí. Ti àkọ́kọ́ máa gùn ju ìyókù lọ, torí ẹ̀mí èèyàn àti àlàáfíà ilé kan ló wà níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́, Màmá. Ọkọ mi ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ kan ló bá rí ọ̀dọ́kùnrin méjì tí wọ́n ń já báàgì gbà lọ́wọ́ obìnrin kan. Èrò wà ní ibùdókọ̀ níbẹ̀, kò sẹ́ni tó mira. Bí ọkọ mi ṣe kó sí wọn láàárín nìyẹn. Ọ̀kan fa ọ̀bẹ yọ, ó gún un lápá. Wọ́n gbé báàgì lọ, obìnrin náà sá lọ, kò tiẹ̀ bojú wẹ̀yìn láti dúpẹ́. Mo ní kí ọkọ mi ṣèlérí pé kò ní dá sí irú ẹ̀ mọ́, ó ní ẹnu òun ò lè gba ìlérí yẹn. Ọmọ mẹ́ta la bí. Ẹ bá mi kìlọ̀ fún un. — Ìyá Ọmọ Mẹ́ta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ewu, Ìyá Ọmọ Mẹ́ta. Ẹ bá mi kí ọkọ yín kú orí ire, torí ọ̀bẹ tó bá apá ì bá ti bá ibòmíì.

Mi ò ní kìlọ̀ fún un pé kó má dá sí i mọ́. Ọ̀nà tó gbà dá sí i ni mo fẹ́ bá a sọ. Ó kó sí àárín ẹni méjì tí kò mọ ohun tó wà lọ́wọ́ wọn, òun nìkan, lálẹ́, nítorí báàgì. Nígbà tí mo wà nídìí fóònù, bí ọ̀pọ̀ ìpè tó parí sí ilé ìwòsàn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn: ẹsẹ̀ ti dé ibẹ̀ kí ojú tó ríran.

Bàbá àwọn ọmọ, ẹ gbọ́ o. Kí ẹ tó gbé ẹsẹ̀, ẹ bi ara yín pé kí ni wọ́n ń gbà lọ́wọ́ ẹni yẹn, ẹrù ni àbí ẹ̀mí? Bó bá jẹ́ ẹrù, ẹ jẹ́ kó lọ. Ẹ dúró síbi tí ẹ ti ní ọ̀nà àtisá, kí ẹ figbe ta. Igbe lágbára ju bí àwọn èèyàn ṣe rò lọ, torí ohun tí olè kò fẹ́ jù ni kí gbogbo ojú yí sí òun. Lẹ́yìn náà, ẹ wo àwọn èrò tó dúró, kí ẹ nàka sí ẹnì kan ṣoṣo: “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wọ aṣọ pupa, ẹ pe ọlọ́pàá báyìí.” Ẹ má kàn sọ ọ́ sáfẹ́fẹ́ pé kí wọ́n pe ọlọ́pàá, torí kálukú ló máa rò pé ẹlòmíì ti pè. Ọ̀ràn ti ṣẹ̀ lójú ogunlọ́gọ̀ èèyàn rí, ìpè kan ṣoṣo ló wọlé sọ́dọ̀ wa, ó sì pẹ́ kó tó wọlé.

Ẹni tó bá ń pè, kó kọ́kọ́ sọ ibi tó wà, kó tó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló máa ń fi ìtàn bẹ̀rẹ̀, fóònù á wá kú lójijì, a ò sì ní mọ ibi tí ọkọ̀ ọlọ́pàá máa gbà. Bí a bá ti mọ ibẹ̀, bí ohùn tilẹ̀ já, ẹnì kan á gbéra. Nọ́ńbà 112 ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, 911 ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, 999 ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ti ibi tí ẹ ń gbé, ẹ há a sórí, kí àwọn ọmọ náà mọ̀ ọ́n.

Kí ẹ sì wo àwọn olè náà dáadáa: bí wọ́n ṣe ga tó, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ wọn, ọ̀nà tí wọ́n gbà lọ, nọ́ńbà ọkọ̀ bí ọkọ̀ bá wà. Mo dárúkọ bàtà torí olè lè bọ́ ẹ̀wù sọnù bó ṣe ń sá lọ, ṣùgbọ́n ta ló ń ráyè pààrọ̀ bàtà?

Bó bá wá jẹ́ ẹ̀mí ni wọ́n fẹ́ gbà ńkọ́, tàbí ọmọdé ni wọ́n ń wọ́ sínú ọkọ̀? Níbẹ̀, mi ò ní purọ́ fún ẹnikẹ́ni pé igbe àti fóònù ń tó nígbà gbogbo. Ẹ pe ẹni méjì, mẹ́ta mọ́ra, kí ẹ jọ rìn lọ, kí ẹ jọ pariwo. Ẹni mẹ́rin tó rìn pọ̀ ń dẹ́rù bani ju akọni kan lọ. Síbẹ̀ ewu ò tán. Ní oṣù September 2009, ní ìlú Munich ní Jámánì, Dominik Brunner rí àwọn ọ̀dọ́ tó ń halẹ̀ mọ́ àwọn ọmọ iléèwé nínú ọkọ̀ ojú irin. Ó pe ọlọ́pàá láti inú ọkọ̀, ó sì bá àwọn ọmọ náà sọ̀ kalẹ̀ kó lè dáàbò bò wọ́n. Wọ́n lù ú ní ibùdókọ̀ níbẹ̀, ó sì kú. Ìyá Ọmọ Mẹ́ta, ẹ̀rù tó ń bà yín kì í ṣe ẹ̀rù ojo.

Ṣùgbọ́n ẹ má gba ìlérí yẹn lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gbà á, lọ́jọ́ tí ọ̀ràn bá tún ṣẹ̀ lójú rẹ̀, yálà kó dalẹ̀ yín tàbí kó dalẹ̀ ara rẹ̀. Ẹ gba òmíràn: pé kó tó sún mọ́ ibi ìjà, á ti figbe ta, á ti rí i pé ẹnì kan ti pe ọlọ́pàá, kò sì ní dá nìkan lọ. Mo rò pé ẹnu rẹ̀ á gba ìyẹn. Ní ti obìnrin tó sá lọ láìdúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì í. Ẹni tí ẹ̀rù ń bà báyẹn, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

ÌBÉÈRÈ: Màmá, ẹ kú ọjọ́. Olùkọ́ wa sọ fún wa pé lọ́dún 1964, èèyàn 38 dúró sójú fèrèsé tí wọ́n ń wòran bí wọ́n ṣe ń pa obìnrin kan ní New York, tí ẹnikẹ́ni ò ràn án lọ́wọ́. Ó ní bí èrò bá ṣe pọ̀ tó ni ìrànlọ́wọ́ ṣe máa ń ṣọ̀wọ́n tó. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí la tún ń wàásù fún ara wa sí? — Akẹ́kọ̀ọ́

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, òótọ́ wà nínú rẹ̀, àbùmọ́ náà sì wà níbẹ̀. Kitty Genovese ni orúkọ obìnrin náà. Ní òru ọjọ́ 13, oṣù March, ni wọ́n kọlù ú nítòsí ilé rẹ̀ ní Queens. Ìwé ìròyìn The New York Times ló gbé iye 38 yẹn jáde, àmọ́ lọ́dún 2016 ìwé ìròyìn náà fúnra rẹ̀ gbà pé ìròyìn àtijọ́ yẹn ní àbùkù. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn aládùúgbò gbọ́ ariwo lásán, wọn ò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọkùnrin kan ké láti ojú fèrèsé pé kó fi ọmọbìnrin náà sílẹ̀, apànìyàn sì sá lọ. Kíyè sí i: igbe kan ló lé e. Ohun tó bà á jẹ́ ni pé igbe yẹn nìkan kò tó, ó sì padà wá. Nígbà tí aládùúgbò kan, Sophia Farrar, gbọ́, ó sáré sọ̀ kalẹ̀ láìmọ̀ bóyá apànìyàn ṣì wà níbẹ̀, ó sì gbá Kitty mọ́ra títí ìrànlọ́wọ́ fi dé. Ta ló sọ ti Sophia fún ẹ rí? Ó dùn mí pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìtàn yìí láìdárúkọ rẹ̀.

Winston Moseley tó pa á, ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà lọwọ́ tẹ̀ ẹ́. Àwọn aládùúgbò ibòmíì rí i tó ń gbé tẹlifíṣọ̀n jáde nílé onílé, ara fu wọ́n, wọ́n pe ọlọ́pàá, wọ́n sì rí i dájú pé ọkọ̀ rẹ̀ kò ní lè ṣíṣẹ́. Wọn ò bá a jà rárá.

Ohun tí olùkọ́ rẹ sọ nípa èrò wá láti inú ìwádìí tí John Darley àti Bibb Latané gbé jáde lọ́dún 1968. Wọ́n jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́ ohùn ẹni tí wárápá mú láti yàrá míì. Nínú àwọn tó rò pé àwọn nìkan ló gbọ́, 85 nínú ọgọ́rùn-ún ló lọ wá ìrànlọ́wọ́ kí ohùn náà tó dákẹ́. Nínú àwọn tó rò pé ẹni mẹ́rin míì ń gbọ́, 31 péré ni. Ṣùgbọ́n lọ́dún 2019, Richard Philpot àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé èyí tí wọ́n ṣe láti inú fídíò kámẹ́rà ojú pópó jáde, ìjà 219 ní Amsterdam, Lancaster àti Cape Town. Nínú ìjà mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá, ó kéré tán ẹnì kan dá sí i, bí èrò bá sì ṣe pọ̀ tó ni ó ṣeé ṣe tó pé kí ẹni tó máa dá sí i wà níbẹ̀.

Lójú tèmi, ìwádìí méjèèjì kò ta ko ara wọn. Àwọn ti 1968 ò rí ara wọn, kálukú wà ní yàrá tirẹ̀. Àwọn ti ojú pópó ń rí ara wọn, bí ẹnì kan bá sì gbéra, ẹlòmíì á tẹ̀ lé e. Ẹni àkọ́kọ́ yẹn ni ìṣòro wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìwọ ni kó o jẹ́.

ÌBÉÈRÈ: Bí mo bá rí ọ̀ràn tí mo gbẹ́nu dákẹ́, ṣé òfin lè mú mi? Bí mo bá sì mú olè fúnra mi ńkọ́? — Onílé Tó Ń Bẹ̀rù Ẹjọ́

ÌDÁHÙN: Ó kù sí ibi tí ẹ wà. Ní Jámánì, ẹni tó lè ranni lọ́wọ́ láìfi ara rẹ̀ wewu tí kò ṣe é lè fi ẹ̀wọ̀n ọdún kan jura tàbí kó san owó ìtanràn. Ti Faransé le jù: ó lè tó ẹ̀wọ̀n ọdún 5 àti owó ìtanràn 75,000 yúrò, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ bó bá jẹ́ ọmọdé tí kò tíì pé ọdún 15 ló wà nínú ewu. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kò di irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru àjèjì tó kàn ń kọjá lọ, àyàfi òbí tàbí ẹni tí a fi ẹlòmíì síkàáwọ́ rẹ̀. Kódà òfin Jámánì àti Faransé kò ní kẹ́nikẹ́ni fi ẹ̀mí rẹ̀ wewu.

Ní ti mímú olè, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè gbà á láyè pé kí aráàlú mú ẹni tó bá lójú ọ̀ràn, àmọ́ kó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́ láìjáfara, kó má sì lo agbára ju bó ṣe yẹ lọ. Ìgbà tí èrò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í lù ú, ọ̀ràn míì ti ṣẹ̀ nìyẹn, ẹni tó mú igi lọ́wọ́ ló sì ń dá a. Mo ti gba ìpè rí pé wọ́n mú olè ọkọ̀. Kí àwọn agbófinró tó dé, wọ́n ti lu ọkùnrin náà bolẹ̀. Òun ló ni ọkọ̀; kọ́kọ́rọ́ ló há mọ́ inú rẹ̀. Bí ẹ bá wà níbi tí wọ́n ti ń lu èèyàn, yálà olè ni tàbí kì í ṣe olè, ẹni yẹn gan-an ni kí ẹ pe ọlọ́pàá nítorí rẹ̀.

ÌBÉÈRÈ: Ṣé kí n máa ya fídíò? — Ọ̀dọ́mọbìnrin

ÌDÁHÙN: Bẹ́ẹ̀ ni, bí o bá ti pè tán tàbí tí ẹlòmíì ti ń pè. Jìnnà díẹ̀ sí wọn, sọ ọjọ́, aago àti ibi tí o wà sínú fídíò náà, má sì gé nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí wọ́n ṣe ní ibi ló ni ẹ̀tọ́ láti sọ bóyá kí ayé rí i, torí náà má sáré gbé e sórí Facebook. Ọlọ́pàá ló yẹ kí o fún ní fídíò náà, ṣùgbọ́n ìgbà mìíràn wà tó jẹ́ pé àwọn gan-an ni ọ̀ràn náà kàn. Ọmọ ọdún 17 ni Darnella Frazier nígbà tó ya fídíò bí ọlọ́pàá kan ṣe fi orúnkún tẹ George Floyd lọ́rùn ní Minneapolis ní May 2020, tó sì gbé e síta. Kò lè wọ́ ọlọ́pàá kúrò lórí ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó dúró, ọwọ́ rẹ̀ ò sì gbọ̀n kúrò lórí fóònù. Fídíò yẹn wà lára ẹ̀rí nílé ẹjọ́ nígbà tí wọ́n dá ọlọ́pàá náà lẹ́bi lọ́dún 2021. Bí ìwọ náà bá ya irú rẹ̀, ẹ̀dà ni kí o fún àwọn tó bá béèrè. Fi ojúlówó rẹ̀ pa mọ́ sórí fóònù rẹ títí ẹjọ́ á fi parí.