Ṣé irin orúnkún tí wọ́n fi sí mi lára yóò dá mi dúró ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà?

Kò ní dá yín dúró, àmọ́ ẹ̀rọ onílẹ̀kùn tó ń wá irin lè dún, torí kò mọ irin inú ara yàtọ̀ sí ti àpò. Kí ẹ tó dé ìdí ẹ̀rọ náà, ẹ sọ fún òṣìṣẹ́ TSA (àjọ tó ń yẹ èrò wò ní pápákọ̀ òfurufú Amẹ́ríkà), kí ẹ sì sọ pé ẹ̀rọ tí èèyàn ń gbé apá sókè nínú rẹ̀ lẹ fẹ́. Ìyẹn ló dára jù: ìgbì tó fi ń yẹ èèyàn wò kì í wọ inú awọ ara, kò lè rí irin eegun. Bí apá yín kò bá ṣeé gbé sókè, ọwọ́ ni wọn yóò fi yẹ̀ yín wò; ẹ lè béèrè fún yàrá ìkọ̀kọ̀, kí ẹnìkan tiyín sì bá yín wọlé. Lẹ́tà dókítà kò yọ yín nínú àyẹ̀wò o, àlàyé lásán ló wà fún.