Má tìtorí àmì ẹ̀yẹ ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan yan ẹ̀ka Criminology

Àbúrò, o ní ẹ̀ka Criminology, ìmọ̀ nípa ìwà ọ̀daràn, méjì ló ti gbà ọ́ fún PhD. Ọ̀kan ní ọ̀jọ̀gbọ́n tó gba àmì ẹ̀yẹ rẹpẹtẹ. Èkejì, ìròyìn akẹ́kọ̀ọ́ àti àwọn tó ti kẹ́kọ̀ọ́ jáde ló ń gbé jáde ṣáá. O wá ń béèrè èwo ni kó o mú. Ọ̀rọ̀ yìí jẹ ọdún méjì mọ́ mi lọ́wọ́, ìdí nìyẹn tí mi ò fi lè dákẹ́.

Orúkọ ńlá ni mo tẹ̀ lé ní tèmi. Ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo fojú kan ọ̀jọ̀gbọ́n náà. Fáìlì ẹjọ́ ni wọ́n kó fún mi, ó lé ní ẹgbẹ̀rún kan: kí n kọ ọjọ́ orí, ẹ̀sùn, ìdájọ́, àti bóyá ẹni náà tún padà wá sílé ẹjọ́. Ọ̀kan wà tí omi ti bà jẹ́, tí mo gbé lọ sídìí fèrèsé kí n tó lè kà á: ọmọ ọdún 14, bàtà ló jí, kò sí agbẹjọ́rò. Nígbà tí ìwádìí náà jáde, kò sí orúkọ mi níbẹ̀, kódà níbi tí wọ́n ti ń dúpẹ́. Ó dùn mí wọra.

Mi ò sọ pé àmì ẹ̀yẹ ò dáa o. Àwọn onímọ̀ Criminology méjì, John Laub àti Robert Sampson, gba ẹ̀bùn Stockholm, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí nípa ìwà ọ̀daràn, ní 2011, ó sì tọ́ sí wọn. Páálí fáìlì àtijọ́ ni Laub rí ní àjà ilẹ̀ ibi ìkàwé ilé ẹ̀kọ́ òfin Harvard, àkọsílẹ̀ àwọn ọmọkùnrin 500 tó ti rúfin. Òun àti Sampson tú u, wọ́n sì tọpasẹ̀ àwọn ọmọkùnrin náà títí wọ́n fi di ẹni nǹkan bí 70 ọdún. Ìgbéyàwó tó dára, iṣẹ́ tó dúró àti iṣẹ́ ológun ló yí ọ̀pọ̀ wọn padà. Ṣó o rí i? Inú páálí ni ẹ̀bùn ti ń wá. Wádìí ẹni tó ń tú páálí níbi tó ò ń lọ, kó o wò ó bóyá orúkọ rẹ̀ wà lórí iṣẹ́ náà.

Àṣeyọrí tí mo fẹ́ràn jù ni ti Joan McCord, onímọ̀ Criminology ní Amẹ́ríkà. Láti 1939 sí 1945, wọ́n fi olùgbaninímọ̀ràn ti ìdajì àwọn ọmọkùnrin 506 kan lẹ́yìn ní Massachusetts, kí wọ́n má bàa di ọ̀daràn. Ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn náà, McCord wá wọn kàn. Èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ràn lọ́wọ́ ní ó ṣe àwọn láǹfààní. Àmọ́ àkọsílẹ̀ fi hàn pé ìwà ọ̀daràn wọn ò dín kù, ọ̀rọ̀ ọtí tiẹ̀ tún burú sí i láàárín wọn. Ó gbé e jáde ní 1978 láìbò ó. Òun náà ló wá di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe ààrẹ American Society of Criminology, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ Criminology ní Amẹ́ríkà.

Ní ẹ̀ka kejì tí mo sá lọ, akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i pé ètò tí wọ́n ṣe fún àwọn tó jáde lẹ́wọ̀n ò dín iye àwọn tó ń padà síbẹ̀ kù rárá. Ẹ̀rù bà á. Olùkọ́ wa jókòó tì í ní alẹ́ mẹ́ta, wọ́n yẹ nọ́ńbà wò lẹ́sẹẹsẹ, ó sì mú un lọ síwájú àwọn tó ni ètò náà pé kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé mo ti débi tó yẹ mí.

Ní ti àwọn tó ti jáde, má ka àwọn tó di ọ̀jọ̀gbọ́n nìkan. Obìnrin kan tó ṣáájú wa ń bójú tó àwọn ọmọ tí ilé ẹjọ́ dá sílẹ̀ lábẹ́ ìṣọ́. Wákàtí kan tó fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí adájọ́ nípa ọmọ, mi ò rí irú rẹ̀ nínú ìwé.

Kó o tó fèsì fún wọn, kọ̀wé sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ní ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan, kó o bi í pé: ìgbà wo ni olùkọ́ rẹ ka ohun tó o kọ kẹ́yìn?