Èsì: Ọfà tó ń gun ara wọn nínú máàpù ogun Pelennor

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní ọfà tó ń fi ìrìn ọmọ ogun hàn nínú máàpù tí ẹ yà fún ogun Pelennor inú ìwé ìtàn The Lord of the Rings ń gun orí ara wọn, àwọ̀ rẹ̀ sì ṣú nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ ní Ṣómólú.

Gbogbo ọjọ́ ogun lẹ kó sójú ìwé kan, ohun tó fà á nìyẹn. Ẹ pín in sí mẹ́ta: ìdótì ìlú Minas Tirith, ìgbà tí 6,000 ẹlẹ́ṣin ilẹ̀ Rohan wọlé láti àríwá, ìgbà tí ọkọ̀ ojú omi gúnlẹ̀ sí Harlond, èbúté ìlú náà. Kí ilẹ̀ má yí padà; ọmọ ogun nìkan ni kó máa sún.

Odi Rammas Echor tó yí pápá Pelennor ká nínú máàpù yín náà kò tọ́. Ẹ ya á rìbìtì, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìwé náà sọ pé líìgì 4 ni láti ẹnubodè ìlú sí i ní àríwá ìlà-oòrùn, tó sì lé díẹ̀ ní líìgì 1 ní gúúsù ìlà-oòrùn. Líìgì kan tó kìlómítà 4.8. Tí sẹ̀ǹtímítà 1 bá dúró fún kìlómítà 1, ibi tó jìn jù á gba nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 19. A3 gbà á dáadáa.

Ní ti àwọ̀, RGB (àwọ̀ ojú kọ̀ǹpútà) lẹ gbé lọ. Ẹ yí i sí CMYK (àwọ̀ yíǹkì ìtẹ̀wé) fúnra yín, ẹ gbé e jáde ní PDF, 300 dpi (àmì 300 nínú íǹṣì kan), kí ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan wò ná.